Ta ni orin wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìdáhùn fún ìyá akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pè síbi eré àwọn olùkọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ń kọ́ sẹ́lò, ohun èlò olókùn ńlá tí wọ́n ń jókòó ta, ní ilé-ẹ̀kọ́ orin kan níbí ní Èkó. Wọ́n fi ìwé pè wá pé àwọn olùkọ́ wọn fẹ́ ṣe eré chamber music ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Àwọn ọmọ ò ní ta nǹkan kan níbẹ̀, àwọn olùkọ́ nìkan ni. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ètò ni Haydn, Opus 76 nọ́ńbà 3. Àwọn orin Yorùbá tí Ayọ̀ Bánkọ́lé kọ fún akọrin ọkùnrin àti píánò. Àti Trout ti Schubert. Wọ́n ní kò ní sí olùdarí. Èmi ò kọ́ orin níléèwé, álítò ni mo ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa láti ìgbà ọmọge. Ṣé mo lè lóye ohun tí wọ́n máa ta? Kí ló dé tí kò fi ní sí olùdarí? Kí ni ọmọ mi fẹ́ rí kọ́ níbi tí kò ti ní fọwọ́ kan ohun èlò rẹ̀? Ṣé kí n mú àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún méje dání? Àti pé ìgbà wo gan-an ni èèyàn ń pàtẹ́wọ́?
Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Sùúrùlérè

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, mà. Ẹ lọ, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ méjèèjì dání. Fíólà, ohun èlò tó jọ fáólìn àmọ́ tó tóbi jù ú lọ díẹ̀, ni mo ń ta, òun náà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ òbí tó wá síbi irú eré bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù tó ń bà yín yìí, tí wọ́n rò pé àwọn tó lọ sí yunifásítì nídìí orin nìkan ló wà fún. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ti sọ ohun tó mú kí ó jẹ́ tiyín nínú lẹ́tà yín: álítò ni yín. Ẹni tó bá ti kọ álítò pẹ́ ti mọ ohun tó le jù nínú orin yìí, ìyẹn kéèyàn di ohùn tirẹ̀ mú nígbà tí orin gan-an wà lẹ́nu ẹlòmíràn, kó máa fetí sí onítọ̀hún, kó má sì jẹ́ kí tirẹ̀ já bọ́.

Chamber music ni orin tí èèyàn díẹ̀ ń ta, bíi méjì títí dé mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí ohùn tirẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ akọrin yín, bí ikọ́ bá gbé yín lójijì, àwọn álítò tó kù á gbé e lọ, ìjọ ò sì ní mọ̀. Níbí, bí ẹni tó ń ta fíólà bá dákẹ́, kò sí fíólà mọ́ nìyẹn. Kì í ṣe gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Inú iyàrá àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù àti pálọ̀ àwọn tó mọ ohun èlò í lò ni, tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń pàdé lálẹ́ láti ta á fún ìgbádùn ara wọn. Ní 1784, ní Vienna, olú-ìlú Ọ́stríà, àwọn mẹ́rin tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkọ orin sílẹ̀ jọ ta á pọ̀: Haydn ta fáólìn kìíní, Dittersdorf ta fáólìn kejì, Vanhal ta sẹ́lò, ẹni tó sì ta fíólà láàárín wọn ni Mozart. Akọrin kan tó wà níbẹ̀, Michael Kelly, ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó di 1804 sí 1805 ni Ignaz Schuppanzigh, ọ̀rẹ́ Beethoven, bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú orin yìí déédéé ní ìlú náà fún gbogbo ẹni tó bá lè sanwó ìwọlé.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ olùdarí wà. Èèyàn mẹ́rin ló ń ta orin Haydn tó wà nínú ìwé ètò yín: fáólìn méjì, fíólà kan, sẹ́lò kan. Bí wọ́n bá jókòó ní ìdajì òbìrìkìtì, wọ́n rí ara wọn, kò sí ohun tí ẹnì karùn-ún fẹ́ máa ju ọwọ́ fún wọn ṣe. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ẹni tó wà nídìí fáólìn kìíní dáadáa. Á gbé ọrun rẹ̀, igi tí wọ́n fi ń fa okùn, sókè díẹ̀, á mí sínú, àwọn mẹ́ta tó kù á mí pẹ̀lú rẹ̀. Bí èémí yẹn bá gùn, orin náà máa rọra. Bí ó bá kúrú, orin náà máa yára. Bí ẹ bá jókòó nítòsí, ẹ máa gbọ́ ọ. Ohun tó kù, ojú àti etí ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ wákàtí ìdánrawò tí wọ́n ti fi jiyàn lórí ibi tí ọrun máa gòkè àti ibi tó máa sọ̀kalẹ̀, bí nóòtì kan ṣe máa gùn tó, ẹni tó yẹ kó rẹ ohùn sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá níbi ìdánrawò yẹn. Mo ti rí i tí àgbà olùkọ́ gbà fún ọ̀dọ́ tó ń ta fáólìn kejì, torí pé ọ̀dọ́ náà ló gbọ́ ọ dáadáa.

Ẹ wo àwọn onídùndún. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń pàṣẹ, gúdúgúdú àti àwọn ìlù yòókù ń di ìlù mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jáde. Nínú orin Haydn tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí, ipò ìyáàlù ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láàárín orin kan náà, nígbà mìíràn láàárín gbólóhùn kan ṣoṣo. Nítorí náà, ìbéèrè kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ mú wọ inú gbọ̀ngàn náà: ta ni orin wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí? Bí ẹ bá sì ti mọ ẹni náà, ẹ gbójú kúrò lára rẹ̀, kí ẹ wá wo àwọn tí orin kò sí lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe lásìkò yẹn gan-an ni iṣẹ́ orin yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Haydn, torí ẹ ti mọ orin inú rẹ̀. Haydn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀méjì láàárín 1791 sí 1795, ó rí bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọrin fún ọba wọn, ó sì wù ú kí àwọn ará Ọ́stríà ní irú rẹ̀. Ó kọ ọ̀kan fún Ọba Franz Kejì, wọ́n sì kọ ọ́ ní ọjọ́ ìbí ọba náà, ọjọ́ 12 oṣù Kejì, 1797. Orin yẹn lọ jìnnà ju ọba tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ ọ́ lọ. Ní 1922, Jámánì sọ ọ́ di orin orílẹ̀-èdè, òun ni wọ́n ṣì ń lò dòní. Àwọn ìjọ Kristẹni náà mú un; Austria ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ohùn orin, òun sì ni àwọn Áńgílíkà fi ń kọ orin tó ń yin Síónì, ìlú Ọlọ́run. Ẹ ní kí ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ìjọ yín tẹ Austria fún yín lẹ́yìn ìsìn. Mo mọ̀ pé ẹ máa kọ álítò rẹ̀ láìwo ìwé.

Ọdún 1797 yẹn náà ni Haydn mú orin yìí wọ inú apá kejì nínú orin tí ẹ fẹ́ lọ gbọ́. Apá mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Àkọ́kọ́ ń yára, inú rẹ̀ sì dùn, ẹ lè fi mọ ohùn ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Apá kejì ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún. Ohun tí Haydn ṣe níbẹ̀ rọrùn lójú: kò fọwọ́ kan orin náà rárá, kò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kò gé e kúrú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni orin náà kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹni tó gbé e ló ń yí padà. Lákọ̀ọ́kọ́, fáólìn kìíní ló kọ ọ́, àwọn mẹ́ta tó kù wà lábẹ́ rẹ̀ bí ìjọ ṣe ń kọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, fáólìn kejì gbà á. Fíólà àti sẹ́lò dákẹ́ pátápátá, fáólìn kìíní sì ń ta nóòtì wẹ́wẹ́ yí i ká. Ẹ fojú sí ẹni tó wà nídìí fáólìn kìíní nígbà yẹn. Nóòtì tirẹ̀ ló pọ̀, tirẹ̀ ló ń yára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ọ̀rọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ ara rẹ̀ ba. Olùkọ́ tí kò bá mọ èyí í ṣe á fi ìka yíyára bo orin mọ́lẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, sẹ́lò ló kàn. Ẹ fi ọwọ́ kan ọmọ yín léjìká níbẹ̀. Nínú orin okẹ́sírà tó ti gbọ́, ìsàlẹ̀ ni sẹ́lò sábà máa ń wà, tó ń di ilé mú. Níbí, òun ni ohùn àgbà ọkùnrin tó dìde sọ̀rọ̀ láàárín ìdílé, tí fáólìn méjèèjì ń dáhùn láti òkè. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó kan fíólà, àwọn yòókù sì ń wọlé tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Mo ti ta ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ara mi ṣì máa ń gbọ̀n kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí fíólà kì í sábà rí irú àyè bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó sì wà nínú gbọ̀ngàn ló mọ orin náà. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó padà sọ́dọ̀ fáólìn kìíní. Orin kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn ohùn abẹ́ rẹ̀ ti yàtọ̀, wọ́n ti wúwo, wọ́n ti ní ìbànújẹ́ díẹ̀ nínú. Etí álítò yín máa mú un kíákíá. Ohùn àárín ni Haydn fi yí ìtumọ̀ orin náà padà, òun sì ni àwọn tírébù kì í fetí sí.

Haydn fẹ́ràn orin yìí títí tó fi kú. Ní oṣù Karùn-ún 1809, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Faransé gba Vienna, tí àgbà náà ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, tí àìsàn sì ti dá a jókòó sílé, ó ṣì máa ń tẹ̀ ẹ́ lórí píánò. Ọjọ́ 31 oṣù náà ló jáde láyé.

Lórí Ayọ̀ Bánkọ́lé, mo ní ẹjọ́ kan láti rò. A bí i ní Jos ní 1935, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Guildhall ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lọ sí Cambridge, ó tún lọ sí yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà, ó wá padà wálé láti máa kọ́ni ní Yunifásítì Èkó títí tó fi kú ní 1976. Olùkọ́ ni òun náà, ibi eré àwọn olùkọ́ sì ni ó yẹ kí orin rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é ni wọ́n tún ṣe é níbí: Haydn níwájú, Schubert lẹ́yìn, ọmọ tiwa láàárín fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Fẹlá Ṣówándé tí wọ́n bí ní 1905 kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn ní 1944. Akin Euba fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ìlù dùndún, ó sì kọ orin píánò tí ọwọ́ ti ń ṣe bí ìlù. Orin wà nílẹ̀. Bí ẹ bá bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà pàdé lọ́jọ́ yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n máa fi irọ̀lẹ́ kan odindi ta orin àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ìbéèrè òbí máa ń wọ̀ wọ́n létí ju tiwa tá a jẹ́ olùkọ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́, ẹ gbọ́ bí ohùn orin ṣe ń bá ọ̀rọ̀ Yorùbá rìn. T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹ ìwé kan jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ inú èdè wa wà lára ohun tó jẹ ẹ́ lógún, torí àwọn orin ìjọ tí a túmọ̀ sórí ohùn òyìnbó máa ń fi agbára yí ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Inú ìrònú àwọn èèyàn yìí ni Bánkọ́lé ti dàgbà. Ẹ wo ẹni tó ń tẹ píánò pẹ̀lú. Òun àti akọrin jọ ń sọ̀rọ̀ ni. Ẹ máa rí ibi tí akọrin ti máa dákẹ́, tí píánò á sì parí gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ku Schubert. Iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé ni bàbá Schubert ń ṣe, Schubert fúnra rẹ̀ sì ṣe igbákejì olùkọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú ilé wọn, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ń ta fáólìn, bàbá ń ta sẹ́lò, òun ń ta fíólà. Ní 1819, tó wà lẹ́ni ọdún méjìlélógún, ó lọ lo àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ní Steyr, ìlú kékeré kan ní Ọ́stríà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sylvester Paumgartner, ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ìwakùsà, tó fẹ́ràn sẹ́lò, tó sì máa ń pe àwọn ọ̀rẹ́ wá ta orin nílé rẹ̀. Òun ló bẹ Schubert pé kó kọ orin kan fún àwọn, kó sì fi orin ẹja rẹ̀ sínú rẹ̀; ibẹ̀ ni orúkọ Trout, tó jẹ́ irú ẹja kan, ti wá. Orin ẹja yẹn, tí Schubert ti kọ ní 1817, sọ nípa ẹja kan tó ń yí kiri nínú odò tó mọ́ gaara, tí apẹja kò rí mú títí ó fi da omi náà rú.

Ẹni márùn-ún ni ẹ máa rí lórí pèpéle: fáólìn, fíólà, sẹ́lò, báàsì ńlá tí wọ́n máa ń dúró tì, àti píánò. Àkójọ yìí ṣọ̀wọ́n. Ohun tó sì ṣe fún sẹ́lò ló dára jù: nítorí pé báàsì ńlá ti gba ìsàlẹ̀, sẹ́lò bọ́ lọ́wọ́ ẹrù, ó lè gòkè lọ kọrin. Ìdí mìíràn tí àwọn olùkọ́ fi fẹ́ràn láti ta á ni pé kò sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́rin tó lè dá a ta. Èèyàn ní láti lọ bẹ olùkọ́ báàsì ní yàrá tirẹ̀, kó lọ bẹ olùkọ́ píánò, kí wọ́n tó pé.

Apá kẹrin nínú márùn-ún ni orin ẹja wà. Píánò kọ́kọ́ dákẹ́, àwọn olókùn nìkan ló kọ orin náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà píánò gbà á. Lẹ́yìn píánò, ó kan fíólà, tí fáólìn ń sáré lókè rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ohun tí àbúrò ọmọ yín máa rántí dọ́la: báàsì ńlá àti sẹ́lò gbé orin náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, píánò sì ń ya bí omi lókè. Ìjì jà lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wọn ló ń pariwo pọ̀. Nígbà tí ìjì bá rọlẹ̀, sẹ́lò á gbà á, á rọra kọ ọ́, kò sì ní kánjú. Kó tó parí ni píánò máa wá mú àwọn nóòtì tó ń fò bí ẹja wọlé, àwọn tó wà nínú orin ti 1817 láti ìbẹ̀rẹ̀, tí Schubert ti fi pamọ́ fún wa látìgbà náà. Inú mi máa ń dùn nígbà gbogbo tí mo bá débẹ̀. Schubert kò rí i kí wọ́n tẹ orin yìí jáde. Ó kú ní 1828 lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó jáde.

Ní ti ohun tí ọmọ yín máa rí kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gan-an. Bí a ṣe ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ lórin ní Èkó báyìí, wọ́n ń dá kọ́ ọ ni. Ọmọ ń wọ yàrá lọ́dọ̀ olùkọ́, ó ń kọ́ orin mẹ́ta fún ìdánwò gíréèdì, ó ń fi ẹ̀rọ tẹ ohùn píánò sílẹ̀ láti fi dánra wò, ó yege, ó bọ́ sí gíréèdì kejì. Ọmọ lè dé gíréèdì kẹfà bẹ́ẹ̀ láìtíì fetí sí ẹlòmíràn rí nígbà tó ń ta. Ìka rẹ̀ á mọ iṣẹ́, etí rẹ̀ á sì sùn. Nígbà tó bá wá dé inú okẹ́sírà, á máa ka nóòtì tirẹ̀ lọ, á sì ṣe kàyéfì nígbà tí gbogbo èèyàn ti dúró. Kò sí ẹ̀kọ́ inú yàrá tó lè wo èyí sàn. Ohun tó ń wò ó sàn ni kó rí olùkọ́ rẹ̀, ẹni tó ń bá a wí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó jókòó níwájú gbogbo èèyàn, tó ń ka ìdákẹ́, tó ń gbójú sókè wo ẹnì kejì, tó ń rẹ ohùn sílẹ̀ kí fíólà lè jáde. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ṣi nóòtì, ọmọ náà á rí bí àwọn tó kù ṣe ń dúró dè é, tí wọ́n á sì jọ máa lọ.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ orin ńlá ti mọ èyí látọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí Joseph Hellmesberger di olórí ilé-ẹ̀kọ́ orin Vienna ní 1851, ó ti ní ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́rin tirẹ̀ láti 1849, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ni Brahms, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ orin sílẹ̀, bá jókòó nídìí píánò ní oṣù Kọkànlá 1862, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà tí wọn ò tíì mọ̀ ọ́n. Ní Berlin, ọdún kan náà, 1869, ni Joseph Joachim bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ orin àti ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́rin rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà ló ń bá a ta á, àwọn náà ló kọ́kọ́ ta orin kílárínẹ́ẹ̀tì ti Brahms fún gbogbo ayé gbọ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1891. Ní Niu Yọ́ọ̀kì, ilé-ẹ̀kọ́ orin Juilliard dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní 1946, ó sì wà títí dòní. Níbi tí àwọn olùkọ́ ò bá ti jọ ń ṣeré, mo máa ń ṣiyèméjì lórí ohun tí àwọn ọmọ ń kọ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn eré náà, ẹ bẹ olùkọ́ sẹ́lò pé kó wá ẹni méjì míì tí agbára wọn jọ ti ọmọ yín, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í ta nǹkan pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ orin ìjọ olóhùn mẹ́ta ni. Austria dára fún un.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: ẹ tètè dé, kí ẹ jókòó síwájú, lápá ibi tí ẹ ti lè rí ọwọ́ òsì ẹni tó ń ta sẹ́lò. Ọmọ ọdún méje lè jókòó. Haydn kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, Trout tó nǹkan bí ogójì. Ẹ jẹ́ kó jẹun kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ sì sọ fún un pé kó máa ka iye ìgbà tí orin Haydn kọjá. Aṣọ tí ẹ bá fi ń lọ sí ìsìn ti tó. Bí ó bá bọ́ sí àsìkò ọyẹ́, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí wọ́n bá dúró tún okùn wọn ṣe láàárín apá kan àti èkejì: afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fa igi súnkì, èèkàn tí wọ́n fi ń fa okùn le á sì yọ̀. Fóònù, ẹ pa á pátá, ẹ má fi sí èyí tó ń gbọ̀n. Nínú apá kejì Haydn, gbogbo èèyàn ló máa gbọ́ ọ.

Pípàtẹ́wọ́ ni ó ń bà yín lẹ́rù jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Àṣà tó wà báyìí ni pé kí a dúró dìgbà tí gbogbo apá orin kan bá parí, mẹ́rin fún Haydn, márùn-ún fún Schubert. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin tó wà látayébáyé. Ní 1778, Mozart kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ láti Paris pẹ̀lú ìdùnnú pé àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ láàárín orin òun, níbi tí òun ti mọ̀ pé wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan nítòsí yín bá ṣáájú pàtẹ́wọ́, ẹ má wò ó ní ìwòkuwò. Àmì tó dájú ni ọrun: bí ó bá ṣì wà lókè, wọn ò tíì parí, bí wọ́n bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí èjìká wọn sì rọ̀, ó parí.

Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́ra. Nínú apá ìkẹyìn Trout, orin náà máa dé ibì kan tó ti dún gbẹ̀ẹ́ bí òpin, gbogbo wọn á dúró ṣíún, ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn sì ti pàtẹ́wọ́ níbẹ̀. Ìdajì ni. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń tẹ píánò: kò ní gbé e kúrò lórí píánò. Wọ́n á tún gbéra, orin á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kejì tí ẹ bá dé irú ibẹ̀ ni ẹ lè dìde.